Bí O Ṣe Lè Borí Ọ̀gá Tó Ń Pa Ọ́ Lápatúnpa Nínú Géèmù

Kí o tó sọ pé ọwọ́ rẹ kò yá, yẹ irinṣẹ́ wò. Tó bá jẹ́ ilé géèmù ní Under G, Ògbómọ̀ṣọ́, ni o wà, bẹ ẹni tó ni ín kó bá ọ tan Game Mode lórí tẹlifíṣọ̀n. Láìsí i, àwòrán lè máa pẹ́ lẹ́yìn ìka rẹ. Yọwọ́ lórí páàdì: bí èèyàn inú géèmù bá ń dá rìn, gba páàdì mìíràn kí o tó sanwó.

Margit, ọ̀gá kan nínú géèmù Elden Ring (2022), ló dára jù láti fi kọ́ ọ, òun ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn padà sídìí FIFA. Á gbé ọ̀pá sókè, á dúró bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ ṣe, kó tó là á mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá yí gbirigbiri nígbà tí ọ̀pá ń gòkè ti kú nìyẹn. Dúró dìgbà tó bá ń bọ̀ nílẹ̀, kí o yí gba abẹ́ apá rẹ̀. Má sá sẹ́yìn.

Ní àkọ́kọ́ ná, má lù ú rárá. Kàn máa yẹ̀ ẹ́, kí o máa wo ibi tó ti ń sinmi. Ibẹ̀ ni wàá ti gbá a lẹ́ẹ̀kan, kí o kúrò. Ojúkòkòrò ẹ̀ẹ̀kejì ló ń pani, pàápàá tí ẹ̀mí rẹ̀ bá ti ń tán lọ. Má sì mu oògùn ní ọ̀ọ́kán rẹ̀, ọ̀bẹ ló máa fi dá ọ lóhùn.

Bí inú bá ti ń bí ọ, tí o ń tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mẹ́ta níbi tí ẹ̀ẹ̀kan tó, gbé páàdì sílẹ̀. Géèmù náà máa ń pa títẹ̀ tó ṣẹ́ kù mọ́, á wá yí ọ nígbà tí o kò fẹ́.

Ẹrù rẹ, ìyẹn aṣọ ogun àti ohun ìjà tí o gbé, kò gbọdọ̀ tó 70% ohun tí o lè gbé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yíyí rẹ á wúwo. Smithing Stone 1, òkúta tí wọ́n fi ń mú ohun ìjà lágbára sí i, méjìlá á gbé idà lásán dé ìpele +3 ní ṣọ́ọ̀ṣì Church of Elleh inú géèmù náà. Ra Margit's Shackle, ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń de Margit, lọ́wọ́ Patches tó ń tajà nínú ihò Murkwater Cave, 5,000 runes (owó inú géèmù náà). Ó ń dè é mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó tó yọ òòlù jáde nìkan.

Bí kò bá sí inverter, má bá a jà lásìkò tí NEPA máa ń mú iná lọ. PS4 tí iná bá já lójijì á kọ́kọ́ máa yẹ ara rẹ̀ wò kó tó ṣí, owó wákàtí rẹ sì ń lọ.