Mọ́tò mi ń rùn bẹntiróò nínú: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Ẹni tó bá ń mu sìgá nínú mọ́tò tó ń rùn bẹntiróò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á ná. Ẹ sì ṣí wíńdò. Ohun kejì, "mọ́tò mi ń rùn" nìkan ò tó ọ̀rọ̀. Ìgbà wo ló ń rùn? Ṣé tẹ́ ẹ bá ra epo tán ni, àbí láàárọ̀, àbí tẹ́ ẹ bá tan éésì? Ibẹ̀ ni ẹ ti máa mọ ibi tó ti ń jò, mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fẹ́ bó.

Ọ̀gá, àná ni mo ra epo, ó ti ń rùn látìgbà yẹn.

Ẹ dé ìdérí táńkì dáadáa, ẹ yí i títí á fi dún ka-ka-ka. Tí rọ́bà inú ẹ̀ bá ti là, ẹ ra òmíì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún máa ń sọ fún ọmọ ilé epo pé kó fi kún un kó lè pé ₦30,000, nígbà tí pọ́ǹpù ti dá dúró fúnra ẹ̀, tẹ́ ẹ wá ń mi mọ́tò kó lè gbà sí i, ẹ̀yin lẹ ń fọwọ́ ara yín ṣe ara yín. Agolo kan wà nídìí táńkì tí eédú wà nínú ẹ̀, òun ló ń gba èéfín epo mú kó má baà tú síta. Tí epo olómi fúnra ẹ̀ bá rọ́ wọ inú ẹ̀, eédú yẹn lè bàjẹ́. Àmọ́ tí iná check engine bá tàn, tí wọ́n scan ẹ̀ tó gbé P0455 wá, ìyẹn kóòdù tó ń sọ pé èéfín epo ń jò gan-an, ìdérí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ má tíì sáré lọ ra agolo.

Mi ò ra epo rárá o, ó sì ń rùn.

Kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀ tẹ́ ẹ gbé sí búùtù ní Sátidé ńkọ́? Ẹ gbé mátì búùtù sókè, ẹ wo abẹ́ sípéà táyà.

Bọ̀dá, tí mo bá tan éésì ló máa ń rùn.

Ìdí wáípà níwájú ni éésì ti ń fa atẹ́gùn wọlé. Ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn inú mọ́tò máa yí po. Tí òórùn bá dínkù, abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì lọ̀rọ̀ wà, hóòsì epo tó ti gbó tàbí rọ́bà ìdí nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ wò ó láàárọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tó rin, ẹ má stáàtì ẹ̀, mẹkáníìkì ni kó wá bá yín nílé.

Ẹ̀gbọ́n, mo ti pààrọ̀ ìdérí, mo ti pààrọ̀ hóòsì, tí mo bá ti fọ́ọ̀lù táńkì òórùn á tún padà.

Há. Èyí gan-an lojú mi rí màbo lórí ẹ̀. Camry mi, Big Daddy 2004. Tí epo bá wà ní ìdajì, kò sí wàhálà, àmọ́ tí mo bá fọ́ọ̀lù ẹ̀ tí mo wá ń gun òkè Mápó, ńṣe ló máa dà bíi pé orí kẹ́ẹ̀gì ni mo jókòó lé. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní nọ́sù ni, ó pààrọ̀ rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èkejì ní hóòsì ni. Èmi náà so lọ́fínńdà méjì mọ́ díńgí, kí n má parọ́. Ọmọ mi obìnrin tó máa ń jókòó lẹ́yìn ló wá sọ pé, "Dádì, síìtì yìí mà ló ń rùn." Mo ní kó jẹ́ n gbọ́ràn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó gbé síìtì ẹ̀yìn sókè. Irin pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ṣí i, orí pọ́ǹpù epo lẹ máa bá níbẹ̀. Erùpẹ̀ ibòmíì gbẹ, ó funfun, àmọ́ èyí tó yí ẹnu pọ́ǹpù ká ti di ẹrọ̀fọ̀ dúdú. Oṣù mẹ́rin ṣáájú ni wọ́n bá mi pààrọ̀ pọ́ǹpù, rọ́bà àtijọ́ tó wà lẹ́nu pọ́ǹpù ni wọ́n sì dá padà. Rọ́bà yẹn tó bá ti pẹ́ nínú epo á wú, kì í wọ ojú ihò ẹ̀ mọ́, ni wọ́n bá fi gọ́ọ̀mù gáskẹ́ẹ̀tì lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bẹ́ẹ̀ bẹntiróò máa ń jẹ gọ́ọ̀mù yẹn ni. Èékánná ni mo fi ń họ ọ́ kúrò, ó ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Táńkì tó bá kún, tí mọ́tò bá wá ń gun òkè, epo á ya sẹ́yìn, á ga dé ẹnu pọ́ǹpù, á máa yọ́ jáde.

Mo ra rọ́bà tuntun, mo ní ó bùṣe. Ọjọ́ kejì, ó tún ń rùn! Ó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ń rùn. Mo tún ṣí i níta gbangba, mo gbé ẹ̀rọ panápaná sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo fi tíṣù funfun we ibi tí páìpù ti wọ orí pọ́ǹpù, mo ní kí ìyàwó mi stáàtì. Láàárín ìṣẹ́jú méjì tíṣù bẹ̀rẹ̀ sí í rin, díẹ̀díẹ̀, bí òógùn imú. Ike orí pọ́ǹpù yẹn ti sán, ojú ibi tó sán ò ju fọ́nrán irun lọ. Tí mọ́tò bá wà ní pípa kì í jò, àfi tí pọ́ǹpù bá ń ti epo lọ, agbára ẹ̀ sì lé ní 40 psi. Mo pààrọ̀ orí pọ́ǹpù lódindi, ibẹ̀ ló parí sí.

Ṣé èmi náà lè tú u nílé?

Kẹ́ ẹ gbé síìtì kẹ́ ẹ wò ó, bẹ́ẹ̀ ni. Kẹ́ ẹ tú pọ́ǹpù, rárá. Mo mọ̀ pé èmi tú u, orí kunkun ni. Ẹni tẹ́ ẹ bá pè, kó kọ́kọ́ yọ orí bátìrì, kó sì fi rọ́bà tuntun sí i lójú yín. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ń tan láítà láti fi wo abẹ́ mọ́tò, ẹ lé e lọ.

Wọ́n ti ṣe é, kò jò mọ́, ó ṣì ń rùn díẹ̀.

Fóòmù abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ló ti mu epo. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sá síìtì tèmi sóòrùn, mo fi ọṣẹ fọ kápẹ́ẹ̀tì, mo ṣí gbogbo wíńdò sílẹ̀. Ẹ má fọ́n lọ́fínńdà sí i, tó bá dàpọ̀ mọ́ bẹntiróò, èébì ló máa gbé yín. Tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ kan tó ṣì ń rùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irọ́ ni wọ́n pa fún yín, kó ṣì máa jò, ẹ gbé síìtì yẹn sókè padà.