Wọ́n Ju Okùn Wa Sómi: Ìrírí Mi Nínú Ọkọ̀ Tugboat

Ohun tó ba ọjọ́ náà jẹ́ kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Tugboat ni tiwa, ọkọ̀ kékeré alágbára tó ń fi okùn fa ọkọ̀ ńlá. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní ìdí ọkọ̀ ńlá yọ okùn wa kúrò lára òpó irin wọn, wọ́n sì jù ú sómi dípò kí wọ́n rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Iṣẹ́ wákàtí kan ààbọ̀ di iṣẹ́ ọjọ́ kan. Owó amòòkùn wọ̀ ọ́, owó ìgbé-ọkọ̀-sókè ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ti àárọ̀ kò ní ìròyìn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí mọ bí a ṣe ń wọn ọ́ìlì, bí a ṣe ń dán winch, ẹ̀rọ tó ń ká okùn, wò. Ọkọ̀ wa jẹ́ irú èyí tí winch rẹ̀ wà níwájú, tí pùròpẹ́là méjèèjì wà lábẹ́ ìdí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè yí ká pátápátá. Agbára ìfà rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 70. Páílọ́ọ̀tì, ẹni tó ń tọ́ ọkọ̀ ńlá sọ́nà wọ èbúté, ní ká lọ sẹ́yìn ọkọ̀ ńlá, ká fi imú kọjú sí i, ká máa ṣe bíréèkì fún un.

Síso okùn dùn mọ́ mi. Ọkọ̀ ńlá ṣì ń rìn tó knot 6. Wọ́n ju okùn ìjù sí wa, mo so ó mọ́ okùn tínrín tó wà lẹ́nu okùn ńlá, wọ́n fà á gòkè, wọ́n fi ojú okùn kọ́ òpó. Ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n jù ú. (Kí ẹ tó fa ohunkóhun, ẹ bi páílọ́ọ̀tì iye SWL, ìyẹn agbára tí òpó lè gbà láìséwu, tí wọ́n kọ sára òpó náà. Bí òpó bá jẹ́ ti tọ́ọ̀nù 50, ẹ má fi 70 dán an wò.)

Ìgbà tí ọkọ̀ ńlá ti gúnlẹ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó lè gbé ojú okùn kúrò lórí òpó, okùn gbọ́dọ̀ dẹ̀, a ò sì lè dẹ̀ ẹ́ láìsún síwájú díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí tugboat bá ń sún síwájú, pùròpẹ́là ń fa omi láti ọ̀dọ̀ imú ọkọ̀ wá sí ìdí, ohunkóhun tó bá léfòó níwájú ń bá a bọ̀. Ìṣe tó tọ́ ni kí àwọn tó wà lókè yí okùn tínrín mọ́ òpó nígbà méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n gbé ojú okùn ńlá jáde, kí wọ́n wá máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí winch wa ṣe ń ká a. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n jù ú, t'òun ti okùn tínrín rẹ̀.

Okùn HMPE, irú okùn oníke kan tó lágbára gan-an, ni tiwa. Ó fúyẹ́ ju omi lọ, ó sì máa ń léfòó. Àwọn kan rò pé ààbò nìyẹn. Irọ́ ni! Okùn irin a rì sísàlẹ̀; tiwa dúró lójú omi, pùròpẹ́là ọkọ̀ ńlá tí kò tíì dúró sì fi omi tì í wá sọ́dọ̀ wa. Ó gba abẹ́ imú wọlé, pùròpẹ́là wa tó wà lápá òsì gbé e.

Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀, mi ò lè sẹ́ ẹ. Mo fi winch sórí bíréèkì, mi ò tíì fi gíà rẹ̀ wọlé. Kí n tó ṣe é, okùn ti lọ. Ọ̀gá atukọ̀ yọ kílọ́ọ̀ṣì (ohun tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ pùròpẹ́là) bí ẹ́ńjìnnì ṣe kérora, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ó tún fi wọlé lẹ́ẹ̀kan, bóyá yóò já. Kò já o. HMPE máa ń yọ́ ní nǹkan bíi ìwọ̀n 145°C, ìfarakanra sì sọ ọ́ di ike tó le bí òkúta láàárín ìdí pùròpẹ́là àti ara gíà.

Ẹ́ńjìnnì kan la fi padà. Kí amòòkùn tó wọ omi, a pa méjèèjì, a ti ibi tí a fi ń tan wọ́n ní kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́ wà lápò amòòkùn fúnra rẹ̀, a sì ta àsíá A, tó ń sọ fún ọkọ̀ mìíràn pé amòòkùn wà nínú omi. Ayùn irin gé èyí tó rọ̀. Èyí tó yọ́, irin ẹlẹ́nu mímú (chisel) ló fi ń hó o. Wákàtí mẹ́rin. Lẹ́yìn náà a fa ọ́ìlì láti ìsàlẹ̀ ilé gíà: ó ti funfun bíi wàrà. Omi ti gba ọ́ìlì síìlì, rọ́bà tó ń dí omi kó má bàa wọ inú gíà, kọjá. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gòkè kúrò nínú omi.

Bí mo bá tún dé ibẹ̀: winch á ti wà nínú gíà kí wọ́n tó fọwọ́ kan òpó. Màá ní kí ọ̀gá sọ fún páílọ́ọ̀tì lórí rédíò VHF, "ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ má jù ú," kí páílọ́ọ̀tì sì tún un sọ padà. Bí wọ́n bá jù ú pẹ̀lú náà, tí kò tíì wọ abẹ́ imú, kí ọkọ̀ fà sẹ́yìn, torí ìgbà náà ni pùròpẹ́là ń tú omi síwájú, omi náà á lé okùn lọ. Bí ó bá ti wọ abẹ́, ẹ yọ kílọ́ọ̀ṣì méjèèjì, ẹ má fi wọlé mọ́ rárá.

Mítà 28 la gé sọnù. Mo hun ojú tuntun sí èyí tó kù fúnra mi lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì dára ju ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é lọ.