Bí mo ṣe ṣírò iye òṣìṣẹ́ àti láìnì fún kọ́ọ̀lù sẹ́ńtà kan

Kọ́ọ̀lù sẹ́ńtà ni ibi tí òṣìṣẹ́ ti ń gba ìpè oníbàárà. Ní ti èyí, ìpè 120 ló ń wọlé láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá àárọ̀, wákàtí tí ọwọ́ wọn máa ń dí jù. Ìpè kan ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 240: 180 fún ọ̀rọ̀ sísọ, 60 fún àkọsílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wákàtí yẹn ni mo mú. Ẹni tó bá fi ìpíndọ́gba gbogbo ọjọ́ ṣírò, èrò á kún láìnì láàárọ̀, òṣìṣẹ́ á jókòó lásán nírọ̀lẹ́.

Mo sọ 120 di ìlọ́po 240, mo pín èsì rẹ̀ sí ọ̀nà 3,600, iye ìṣẹ́jú-àáyá inú wákàtí kan, ó jẹ́ Erlang 8. Erlang ni òṣùwọ̀n iṣẹ́ tí ìpè ń kó wá. Agner Krarup Erlang, ará Dẹ́ńmáàkì tó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ fóònù Copenhagen, ló gbé àwọn fọ́múlà tí mo lò nísàlẹ̀ yìí jáde lọ́dún 1917. Iṣẹ́ ènìyàn 8 ni Erlang 8, síbẹ̀ ènìyàn 8 kò lè ká a. Ìpè kì í wọlé lẹ́sẹẹsẹ. Á rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà, á tún dá, àkókò tó sì ṣòfò nígbà tó dá kò ṣeé gbà padà.

Mo fi Erlang C, fọ́múlà tó ń ṣírò bí oníbàárà á ṣe dúró pẹ́ tó kí wọ́n tó gbà á, wò ó nínú Excel. Bí òṣìṣẹ́ bá jẹ́ 9, oníbàárà á dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 157 ní ìpíndọ́gba. Bí wọ́n bá jẹ́ 10, á di 49. 11, á di 20. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí ìpè 80 nínú 100 di gbígbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 20: ènìyàn 10 gbà 65, ènìyàn 11 gbà 81. Ẹ wo iṣẹ́ tí ẹnì kan ṣoṣo ṣe! Àmọ́ 11 yẹn, àwọn tó wà lórí ìjókòó ni. Oúnjẹ, ìsinmi, àìsàn àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ń mú 30 nínú 100 àkókò wọn lọ, nítorí náà mo fi 0.7 pín 11: ènìyàn 16 ni kí wọ́n gbà síṣẹ́.

Wọ́n fẹ́ ya ìpè Yorùbá sọ́tọ̀ kúrò lára ti Gẹ̀ẹ́sì, ìdajì sí ìdajì. Mo ta kò ó. Erlang 4 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ ènìyàn 7, àpapọ̀ 14 dípò 11, torí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ níhìn-ín kò lè gba ìpè tọ̀hún. Kí wọ́n gba àwọn tó gbọ́ èdè méjèèjì.

Ti láìnì yàtọ̀. Ẹni tó ń dúró ti gba láìnì. Àkọsílẹ̀ kì í gbà á. Nítorí náà 180 ti ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú 20 ti ìdúró ni mo lò dípò 240, ó jẹ́ Erlang 6.67. Erlang B, fọ́múlà tó ń ṣírò iye ìpè tí kò ní rí láìnì, ló bá a mu, torí ẹni tí kò rí láìnì kì í tò, ohùn pé láìnì dí ló máa gbọ́. Láìnì 13 á lé ìpè 1.06 nínú 100 padà, láìnì 14 á lé 0.5. 14 ni mo mú.

Erlang C gbà pé ẹnikẹ́ni kì í já ìpè, ìdí nìyẹn tí ìdúró tó ń sọ fi máa ń gùn díẹ̀ ju ti gidi lọ. Èyí tó léwu jù ni àtúnpè: ẹni tí láìnì dí fún á máa pè títí á fi di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ìwé á kà á sí ènìyàn mẹ́ta. Ẹ yọ nọ́ńbà tó tún pè láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún kúrò kí ẹ tó ka iye ìpè.