Àjà Ilé Tó Bàjẹ́: Ẹ Wá Ibi Tí Omi Ti Ń Wọlé Ná

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pè mí pé kí n wá wo àjà pálọ̀ wọn ní Iléṣà níbí, ọ̀rọ̀ ọ̀dà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bá mi sọ. Irú ọ̀dà wo ni ká rà? Gálọ́ọ̀nù mélòó ló máa tó o? Èmi a ní kí wọ́n fi ọ̀dà sílẹ̀ ná, kí wọ́n bá mi wá àkàbà. Àjà kì í ṣàdédé ní àpá. Omi ló ń ti òkè wá, bí ẹ ò bá sì dí ọ̀nà omi náà, òjò tó ń bọ̀ ló máa kó owó POP (ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń po mọ́ omi fi ṣe àjà) àti owó ọ̀dà lọ.

Àjà tí mò ń sọ ni èyí tí ojú rẹ̀ kò dán: POP tàbí sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi ọ̀dà tó ki kùn, tó wá rí kóró-kóró téèyàn bá fọwọ́ pa á.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ béèrè ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà. Bí ó bá ti wà láti nǹkan bí ọdún 1960 sí 1990, tí àjà rẹ̀ jẹ́ pátákó aláwọ̀ eérú tó le, tí wọ́n kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ibi tí pátákó ti pàdé, asibẹ́stọ́ọ̀sì ni kí ẹ kà á sí. Ẹ má ha á, ẹ má fi sánpépà kàn án, ẹ má lu ú, ẹ má sì gbá èérún rẹ̀ ní gbígbẹ. Eruku rẹ̀ kéré débi pé ojú kò lè rí i. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ jókòó sí, ó sì lè ju 20 ọdún lọ kó tó di jẹjẹrẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ gbangba pé kò sí irú rẹ̀ kankan tí kì í fa jẹjẹrẹ. Bí kò bá tíì fọ́, ẹ kùn ún lọ́dà jẹ́jẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Bí ó bá ti fọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó wọ́n omi sí i kó rin, kó sọ ọ́ kalẹ̀ lódindi, kó sì fi ọ̀rá tó nípọn wé e. Ẹ má sun ún. Ọ̀dà kóró-kóró tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ náà lè ní in nínú, nítorí náà ẹ pe ẹni tó mọ̀ kí ẹ tó ha á. Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá rí ọmọdé tó ń fi àfọ́kù asibẹ́stọ́ọ̀sì kọ nǹkan sára ògiri.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá omi. Ẹ gun inú àjà lọ lọ́sàn-án gangan. Orí igi ni kí ẹ máa tẹ̀, ẹ má tẹ orí àjà fúnra rẹ̀. Ẹ pa tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ gbójú sókè: ibi tí ìṣó ti yọ tàbí tí páànù ti lu, ìmọ́lẹ̀ á gba ibẹ̀ wọlé. Kì í sábà jẹ́ ọ̀gangan àpá yẹn o. Omi á kán sórí igi, á tọ igi náà lọ sísàlẹ̀, kó tó wá já sórí àjà. Ẹ tọ ipa rẹ̀ lára igi, ó máa ń dúdú. Bí ó bá jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, tí àjà ìsàlẹ̀ ló ń rin, balùwẹ̀ òkè ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò. Bí sìmẹ́ǹtì dẹ́kìn bá ti já, tí ẹ rí irin inú rẹ̀ tó ti dípẹtà, iṣẹ́ ẹnjiníà nìyẹn, ẹ má kùn ún.

Bí àjà bá ti tẹ̀ wálẹ̀, omi lè ti kún orí rẹ̀. Lítà omi kan, kílò kan ni. Ẹ wo ohun tí kòròbá méjì lè ṣe bó bá já lu èèyàn. Ẹ pa iná ilé láti ibi mítà, kódà bí iná bá ti lọ, torí ó lè dé nígbàkígbà. Ẹ gbé kòròbá sísàlẹ̀, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ fi sukudiráfà lu ihò kékeré síbi tó tẹ̀ jù.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dí ibi tó ń jò, ẹ dúró kí àjà gbẹ. Ibí yìí gan-an ni èmi àti oníbàárà ti máa ń ṣe àríyànjiyàn. Ìyá kan ní Òkèsà ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ, ó fẹ́ kí n kun àjà kí Sátidé tó pé.

"Ọmọ mi, ṣé ọ̀dà ò ní bò ó ni?"

"Á bò ó, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tó fi máa tún yọ jáde."

"Kí wá ni ká ṣe?"

"Ẹ jẹ́ ká ta aṣọ sí i fún ìnáwó yìí, mà. Tó bá gbẹ, màá wá tún un ṣe dáadáa."

Aṣọ funfun la ta sí i, ìnáwó náà sì dùn. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ nìyí: ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà yíká-yíká, kó wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí inú ọ̀rá bá làágùn, omi ṣì wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án tí òjò ń rọ̀ ṣáá, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lásìkò ọyẹ́, kì í pẹ́ rárá.

Bó bá ti gbẹ, ẹ fi ìdí sukudiráfà máa kan àjà náà, láti ibi tó dára wá síbi àpá. Ibi tó dára á dún gbì. Ibi tó ti ṣí kúrò lára ohun tó dì í mú á dún pókó-pókó, bí ẹ bá sì gbé àtẹ́lẹwọ́ kejì lé e, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára pé ó ń mì. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí gbogbo ibi tó dún pókó ká. Ó máa ń tóbi ju àpá tí ojú rí lọ, gbogbo rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, ẹ wọ ìbòmú àti gíláàsì, kí ẹ ha á dànù.

Òkúta ni POP tẹ́lẹ̀. Wọ́n yan òkúta jípísọ̀mù títí ọ̀pọ̀ omi inú rẹ̀ fi jáde, wọ́n sì lọ̀ ọ́. Omi tí ẹ bá fi pò ó ló ń sọ ọ́ di òkúta padà, ìdí nìyẹn tó fi ń gbóná bó bá ti ń dì. Bí ẹni ń tẹ ẹ̀bà ni kí ẹ ṣe é: omi ni kó kọ́kọ́ wà nínú ike, kí ẹ wá máa wọ́n ìyẹ̀fun sí i títí yóò fi yọrí lójú omi. Ẹ jẹ́ kó mumi fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó rò ó. Èyí tí ẹ lè lò tán láàárín ìṣẹ́jú 10 ni kí ẹ pò. Bó bá ti ń dì, ẹ má bu omi lé e, kò ní lágbára mọ́. Ẹ fọ ike kí ẹ tó po òmíràn, torí èérún tó ti dì máa ń mú kí tuntun tètè dì. Ẹ má da omi ìfọ̀ náà sí síńkì. Inú páìpù ló máa lọ dì sí.

Ẹ fi omi rin etí ihò náà, kí àjà àtijọ́ má fa omi inú POP tuntun. Ihò tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹ ki fáíbà (okùn wẹ́wẹ́ tó ń di POP mú) bọ inú POP, kí ẹ fi dí i, kí ẹ sì fi tírówẹ̀lì tẹ́ ẹ. Èyí tó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀, ẹ kan igi sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí POP lè rí nǹkan dì mú. Ẹ má jẹ́ kó yọ ju àjà tó kù lọ. Kó rẹlẹ̀ díẹ̀, torí ọ̀dà kóró-kóró ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀. Bó bá ti gbẹ, ẹ fi ọ̀dà olóròóró funfun tí kì í dán bo ibi tí omi ti kun àwọ̀ sí. Bí ẹ bá fi ẹmọ́ṣọ̀n (ọ̀dà olómi) nìkan bò ó, omi inú ẹmọ́ṣọ̀n á tú àwọ̀ yẹn, á sì fà á jáde.

Kí ojú rẹ̀ wá bá ti tẹ́lẹ̀ mu, iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì fèrèsé sẹ́ yanrìn odò, kí ẹ pò ó mọ́ ẹmọ́ṣọ̀n àti ìyẹ̀fun POP díẹ̀, kó ki débi pé tí ẹ bá gbé bùrọ́ọ̀ṣì sókè, kò ní kán. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí páálí. Èmi, kànrìnkàn ìbílẹ̀ ni mo ń ká sọ́wọ́: màá fi kan ọ̀dà tútù náà, màá gbé e sókè tààrà láì fà á, màá wá yí ọwọ́ díẹ̀ kí n tó kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, kí kóró kan má bàa jọ èkejì. Ẹ gbé páálí náà sún mọ́ àjà, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Òjìji ló máa sọ òótọ́ fún yín. Bí kóró tiyín bá tóbi jù, ẹ fi omi díẹ̀ kún un. Bó bá tẹ́ jù, ẹ fi POP kún un. Nígbà tó bá jọra, ẹ wá ṣe é sórí àjà, kí ẹ sì jẹ́ kó gun orí ti àtijọ́ díẹ̀ yíká.

Ọjọ́ kejì ni kí ẹ kun ọ̀dà, láti ògiri dé ògiri. Ẹ má kun ojú ibi tí ẹ tún ṣe nìkan, torí èéfín àti eruku ti sọ funfun àtijọ́ di pípọ́n. Rólà onírun gígùn ni kí ẹ lò, kó lè wọ àárín kóró. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ti àkọ́kọ́ gbẹ dáadáa kí èkejì tó gorí rẹ̀, kí ẹ sì ṣí fèrèsé sílẹ̀.