Bí mo ṣe dán òkúta bàbá mi wò

Nígbà tí bàbá mi fi iṣẹ́ ìwakùsà sílẹ̀ ní Komu, ní Òkè-Ògùn, òkúta kan péré ló kù sí wọn lọ́wọ́. Ó gùn tó ìka ọwọ́, ó sì tutù yọ̀yọ̀ bí ewé. Oníṣòwò kan wò ó fìrí, ó ní ìgò fífọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n dọ́kàn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n dán an wò bóyá tourmaline ni, ìyẹn òkúta iyebíye kan, irú silicate (àpòpọ̀ silicon àti oxygen) tó ní èròjà boron nínú.

Mo gbé e sójú oòrùn. Ìlà tín-ín-rín sáré láti orí rẹ̀ dé ìdí. Tí mo bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, àwọ̀ ewé ni. Tí mo bá wò ó láti orí lọ sí ìdí, ó ṣú. Ìgò kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìwúwo ló fẹ́ já mi láyà. Lórí òṣùwọ̀n, òkúta náà jẹ́ gíráàmù 12.2. Mo gbé ife omi lé òṣùwọ̀n, mo dá a padà sí òdo, mo fi òwú so òkúta náà rì sínú omi. Ó kọ 5.1, tó yẹ kó jẹ́ ìwúwo omi tí òkúta náà gba àyè rẹ̀. Mo fi pín 12.2 kí n mọ ìlọ́po tí òkúta fi wúwo ju omi lọ: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2.4, bẹ́ẹ̀ bíi 2.5 ni ti ìgò! N kò lè wo ojú bàbá mi. Àfi ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wo inú ife, mo rí i pé òkúta ti fara ti ìdí rẹ̀, ó sì ń fi ìwúwo tirẹ̀ kún un. Mo fa òwú sókè díẹ̀, ó kọ 4.0. Ó di 3.05, tourmaline sì máa ń wà láàárín 3.0 sí 3.3.

Mo wá rọra yá a nídìí gílóòbù, nítorí ooru òjijì lè là á. Bó ṣe ń gbóná ni iná mànàmáná ń jáde ní orí àti ìdí rẹ̀. Mo gbé e súnmọ́ eérú bébà, eérú fò mọ́ ọn! Láyé àtijọ́, àwọn ará Netherlands ń fi irú rẹ̀ fa eérú kúrò nínú ìkòkò tábà wọn, wọ́n sì ń pè é ní a-fa-eérú.

Ti pé ó ní bàbà (copper) nínú, bí èyí tó dá búlúù tí wọ́n rí ní Paraíba ní Brazil, ẹ̀rọ nìkan ló lè sọ ìyẹn.

Bàbá mi fa àga wọn súnmọ́ tábìlì. Wọ́n ní, “Tún un ṣe kí n rí i.”