Bí Mo Ṣe Wọn Pílánẹ́ẹ̀tì WASP-18b Láti Ilé-Ifẹ̀ Láìní Awò Awọ̀nàjíjìn

Ojú lásán kò lè rí ìràwọ̀ WASP-18. Apá gúúsù òfuurufú ló wà, ó jìn sí wa tó nǹkan bí 400 ọdún ìmọ́lẹ̀. Ká tiẹ̀ ní ó ń tàn yòò, ẹni tó bá ń gbé Ilé-Ifẹ̀ mọ bí òfuurufú wa ṣe rí: ìkùukùu ló ni ín lásìkò òjò, bí òjò bá sì dáwọ́ dúró, ọyẹ́ á gbà á. Síbẹ̀, láti orí tábìlì mi ní Lágere, mo wọn pílánẹ́ẹ̀tì ràgàjì tó ń yí ìràwọ̀ yẹn ká. Mo mọ bó ṣe tóbi tó, mo mọ iye wákàtí tó fi ń yípo, mo sì mọ bó ṣe sún mọ́ ìràwọ̀ rẹ̀ tó. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ lè ṣe tirẹ̀.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ JETS, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì, nílé ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní físíìsì ló fà á. A ń ṣe òfin Kepler lórí bí pílánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yípo lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ SS2 kan ní, "Sà, gbogbo àpẹẹrẹ tí ẹ ń fún wa, ìdáhùn rẹ̀ ti wà lẹ́yìn ìwé. Ṣé kò sí èyí tí àwa fúnra wa lè ṣe?" Ọ̀rọ̀ ọmọ náà wọ̀ mí lára. Wọ́n mọ̀ pé ibùdó ìmọ̀ òfuurufú tí wọ́n ń pè ní ARCSSTE-E wà nínú ọgbà OAU, wọ́n sì ti ń ronú lẹ́tà tí a máa kọ láti lọ tọrọ awò. Mo ní kí wọ́n fi lẹ́tà sílẹ̀ ná.

Sátẹ́láìtì kan wà tó ń jẹ́ TESS, tí NASA rán lọ sókè ní oṣù kẹrin ọdún 2018. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó tẹjú mọ́ apá kan òfuurufú fún nǹkan bí ọjọ́ 27, kó máa ka ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara àwọn ìràwọ̀ ibẹ̀ wá, kó tó kọjú síbòmíràn. Àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n dìídì yàn, ìṣẹ́jú méjì-méjì ló ń ka tiwọn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àkọsílẹ̀ yìí wà, níbi ìpamọ́ tó ń jẹ́ MAST, ọ̀fẹ́ sì ni. Kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè pé yunifásítì wo lẹ ti wá.

Ohun tí à ń wá nínú rẹ̀ kò ṣòroó yé. Bí pílánẹ́ẹ̀tì bá gba iwájú ìràwọ̀ rẹ̀ kọjá, ó ń dí díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Bí ayé wa bá gba iwájú oòrùn kọjá lójú ẹni tó wà lọ́nà jíjìn, ìmọ́lẹ̀ tó máa dí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún sì ni. Ìdí nìyí tí mo fi wá pílánẹ́ẹ̀tì tó tóbi bíi Júpítà tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ ìràwọ̀ rẹ̀. Irú ìyẹn ń dí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń padà wá kíákíá. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ fẹ́ ká lo Equiano, pílánẹ́ẹ̀tì tí Nàìjíríà sọ lórúkọ ní ọdún 2019, èyí tó ń yí ìràwọ̀ Amadioha ká. Inú mi ì bá dùn sí i, àmọ́ ó ń gbà á lé ní 300 ọjọ́ kó tó yípo lẹ́ẹ̀kan, nípa fífà tó ń fa ìràwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì fi mọ̀ pé ó wà, kì í ṣe nípa ìmọ́lẹ̀ tó dí. Mo mú WASP-18b. Ọdún 2009 ni wọ́n kéde rẹ̀, àwọn kámẹ́rà tó sì kọ́kọ́ rí i wà ní Sutherland, ní orílẹ̀-èdè South Africa. Lẹ́ǹsì tí àwọn ayàwòrán ń lò ni wọ́n fi sí àwọn kámẹ́rà náà. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn ju ti awò olówó ńlá lọ.

Ní ti iṣẹ́ gan-an: mo ṣí Google Colab, nítorí pé orí kọ̀ǹpútà Google ni ìṣirò ti ń lọ, láptọ́ọ̀pù mi tó ti dàgbà kò ní ju wíwò lọ. Mo fi pip gbé Lightkurve wọlé, ìyẹn irinṣẹ́ tí wọ́n fi èdè kọ̀ǹpútà Python ṣe fún irú iṣẹ́ yìí. Mo fi àṣẹ search_lightcurve wá WASP-18, mo sì yan àkọsílẹ̀ ìṣẹ́jú méjì-méjì tí NASA ti tún ṣe (SPOC ni wọ́n kọ sí i), ti sector 2 àti 3, ìyẹn apá òfuurufú kejì àti ìkẹta tí TESS tẹjú mọ́, tí ó kó jọ láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá ọdún 2018. Mẹ́gábáìtì díẹ̀ ni fáìlì kọ̀ọ̀kan. Fídíò tí ẹ̀gbọ́n yín fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀ yìí tóbi jù ú lọ.

Nígbà tí mo ya gíráàfù náà, mo rí àwọn kókó kéékèèké tó tò lọ ní ìlà gbọọrọ, tí ìlà náà sì ń já sísàlẹ̀ lóòrèkóòrè. Àlàfo kan wà láàárín. Ìgbà tí TESS ń fi ohun tó ti kó jọ ránṣẹ́ sílé ayé nìyẹn, kì í ṣe pílánẹ́ẹ̀tì. Bàbá onílé mi wọlé wá gba owó iná lásìkò náà, ó dúró wò ó.

"Tíṣà, ta ló ń san yín lówó eléyìí?"

"Kò sẹ́ni tó ń san án, Bàbá."

"Pílánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ní ẹ ń wá ńkọ́?"

Mo fi ìka sí ibi tí ìlà náà ti já.

"Ibi tí kò sí nǹkan kan yẹn?"

"Ibẹ̀ náà ni, sà. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dín kù yẹn."

Bàbá ní kí n ṣáà rí i pé owó iná kò dín kù.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo lo àṣẹ flatten láti tẹ́ ìlà náà pẹrẹsẹ, torí pé ara sátẹ́láìtì àti ara ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lọ sókè-sódò díẹ̀díẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbí yìí. Àkókò tí ẹ bá sọ fún un pé kó fi máa tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ gùn dáadáa ju àsìkò tí pílánẹ́ẹ̀tì fi ń kọjá lọ, ó sì ń lò ju wákàtí méjì lọ láti kọjá. Bí ẹ bá fún un ní àkókò kúkúrú, á ka ohun tí ẹ ń wá mọ́ ìdọ̀tí, á gbá a dànù. Ẹ tún fi ẹ̀dà kan pamọ́ tí ẹ ò tẹ́ rárá. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Mo wá ní kí ó fi ọgbọ́n ìṣirò tí wọ́n ń pè ní BLS wá iye àkókò tó ń dá padà. Ó mú 0.9414 ọjọ́ jáde: wákàtí 22 àti bí ìṣẹ́jú 36. Ọdún kan gbáko níbẹ̀ kò tó ọjọ́ kan níbí! Bí oníbàárà tó ń wá ra àkàrà lójoojúmọ́ ló rí, àmọ́ tó ń fi bíi wákàtí kan àti ààbọ̀ yá ju ti àná lọ. BLS tún gbé òkè kékeré méjì mìíràn jáde, ọ̀kan ní ìlọ́po méjì iye yẹn, èkejì ní ìdajì rẹ̀. Láti mọ òótọ́, mo ká àkọsílẹ̀ náà lé ara rẹ̀ lórí pẹ̀lú ìlọ́po méjì, mo fi jíjá kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún wé ìkejì, ìkẹrin, ìkẹfà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n jìn bákan náà. Ká ní ọ̀kan jìn ju èkejì lọ ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìràwọ̀ méjì ló ń dí ara wọn lójú. Àyẹ̀wò yìí ṣe pàtàkì, nítorí píksẹ́lì TESS fẹ̀ débi pé ìràwọ̀ mélòó kan lè wà nínú ẹyọ kan.

Ìmọ́lẹ̀ náà ń fi bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Square root rẹ̀ ni ìbú pílánẹ́ẹ̀tì sí ìbú ìràwọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìràwọ̀ yẹn fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin fẹ̀ ju oòrùn wa lọ, nítorí náà ìbú pílánẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 170,000, ìlọ́po 1.2 ti Júpítà. Òfin kẹta Kepler ló sọ bó ṣe jìn sí ìràwọ̀ rẹ̀: kìlómítà mílíọ̀nù mẹ́ta. Mẹ́kúrì, tó sún mọ́ oòrùn wa jù, jìn sí i tó mílíọ̀nù 58. Orí pátákó ni àwọn ọmọ ti ṣe ìṣirò yìí, kò sì sí lẹ́yìn ìwé kankan tí wọ́n lè yọjú sí.

Ibi tí agbára mi mọ ni ìwúwo rẹ̀. Òjìji kì í sọ bí nǹkan ṣe wúwo tó, ìràwọ̀ kékeré tó kùnà sì lè fẹ̀ tó Júpítà. Fífà tí pílánẹ́ẹ̀tì ń fa ìràwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ èyí: ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ á rọra pọ́n bó bá ń sún sẹ́yìn, á sì rọra di àwọ̀ aró bó bá ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Otto Struve ti sọ ọ́ láti ọdún 1952 pé ọ̀nà yìí lè mú pílánẹ́ẹ̀tì ńlá tó sún mọ́ ìràwọ̀, àmọ́ ọdún 1995 ni Michel Mayor àti Didier Queloz tó fi rí 51 Pegasi b láti ilẹ̀ Faransé. Ọjọ́ mẹ́rin lé díẹ̀ ló fi ń yípo, ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò retí láti ara pílánẹ́ẹ̀tì ńlá. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2019. Fún WASP-18, ẹ̀rọ CORALIE ní ilẹ̀ Chile rí i pé ìràwọ̀ náà ń sáré síwá-sẹ́yìn ní nǹkan bí mítà 1,800 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mítà bíi 12 péré ni Júpítà fi ń mi oòrùn wa. Ìwúwo pílánẹ́ẹ̀tì náà tó ìlọ́po mẹ́wàá ti Júpítà.

Ẹ̀dà tí mo ní kí ẹ má tẹ́ ló dùn mọ́ mi jù. Nígbà tí mo ká a lé ara rẹ̀ lórí, tí mo sì pín àwọn kókó náà sí ìdìpọ̀ kéékèèké tí mo wá àròpín wọn, jíjá kékeré kejì yọ ní àárín méjì ìyípo náà, kò tó ìdá mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ìgbà tí pílánẹ́ẹ̀tì wọ ẹ̀yìn ìràwọ̀ nìyẹn; ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ló pòórá. Ìlà náà tún ń wú díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kan. Pílánẹ́ẹ̀tì náà wúwo, ó sì sún mọ́ ìràwọ̀ débi pé ó ń fà á gùn sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bí ìràwọ̀ bá ti wá kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa, ibi tó fẹ̀ ló ń tàn sí wa. Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ti ṣú gan-an. Ní 2023, awò James Webb fi ìmọ́lẹ̀ tó pòórá yẹn kan náà rí omi tó ti di afẹ́fẹ́ níbẹ̀, pẹ̀lú ooru tó tó 2,700 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní ojú ọ̀sán rẹ̀.

Pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn, WASP-12b, ló kàn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń já wọnú ìràwọ̀ rẹ̀: lọ́dọọdún, àkókò ìyípo rẹ̀ ń fi bí 29 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kúrú sí i. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n bó bá pé ọdún mẹ́wàá, pílánẹ́ẹ̀tì náà á ti fi bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ yá ju ìgbà tí à ń retí rẹ̀ lọ. Ọmọ SS2 tó bi mí léèrè ti ń kó àwọn àkókò tí wọ́n kọ sílẹ̀ ṣáájú TESS jọ, kó lè fi tiwa wé e.