Nọ́ọ̀tì tó kọ̀ tí kò wọlé

Ọjọ́ méjì ni mo fi bá bóòtù kékeré kan fà á. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, mo rí mílímítà 6, mo bá ra nọ́ọ̀tì 6. Ó yí díẹ̀, ó há. Mo fi epo sí i, mo tún fi agbára kún un; díẹ̀ ló kù kí n ba ẹsẹ̀ bóòtù (àwọn ìlà tí nọ́ọ̀tì ń yí lé) jẹ́.

Ìgbà tó sú mi ni mo mú kálípà, irinṣẹ́ tó ń fi ẹnu méjì há nǹkan láti wọ̀n ọ́n. Mo kọ́kọ́ pa ẹnu rẹ̀ dé: mílímítà 0.08 ló gbé wá dípò òdo! Ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀. Mo nù ún, mo dá a padà sí òdo, mo wá wọn bóòtù lẹ́ẹ̀mẹ́ta: 6.29, 6.30, 6.29. Àṣé ti ínǹṣì ni! Ínǹṣì kan jẹ́ mílímítà 25.4; ìdá mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 6.35, bóòtù kì í sì í sábà tó iye tí wọ́n ń pè é gan-an. Ojú lásán lórí rúlà kò lè mú ìyàtọ̀ yẹn (tèmi tiẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀). Láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, mo ka ìlà ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárín ínǹṣì kan: 20, iye tó bá bóòtù ìdá mẹ́rin ínǹṣì mu.

Mo ra nọ́ọ̀tì ti ínǹṣì. Ìka méjì ni mo fi yí i dé ìdí.